Bàálù tí kò lọ sọ́dọ̀ ìyá

Ní ọjọ́ Àìkú Àjíǹde ọdún 2014, tí ó bọ́ sí 20 oṣù Kẹrin, kámẹ́rà kan ní pápákọ̀ òfurufú Kahului, ní erékùṣù Maui ní ìpínlẹ̀ Hawaii ti Amẹ́ríkà, rí ẹsẹ̀ méjì tí ó yọ jáde láti inú ihò tí táyà bàálù máa ń ká sí. Bàálù Boeing 767 ti ilé-iṣẹ́ Hawaiian Airlines ni, ó sì ti balẹ̀ láti nǹkan bí wákàtí kan sẹ́yìn. Àwọn èrò inú rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti bá tiwọn lọ. Ẹsẹ̀ náà ń fì nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹni tí ó ni ín jábọ́ sílẹ̀. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ó dìde, ó ń rọra rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń yí lábẹ́ rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà iwájú bàálù lọ títí àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ fi rí i. Nígbà tí wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò, kò sí ìwé ìdánimọ̀ kankan níbẹ̀. Òòyà kan ni ó mú dání.

Mo ka ìròyìn yìí nígbà náà lọ́hùn-ún, mo sì ti padà sí i ní àìmọye ìgbà láti ìgbà náà wá, ṣùgbọ́n òòyà yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. N ó padà sórí rẹ̀.

Ọmọ ogúnléndé ni ọmọ náà. Sòmálíà ni ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ó ń gbé ní Santa Clara ní ìpínlẹ̀ California, nígbà tí ìyá tí ó bí i wà ní àgọ́ ogúnléndé Shedder, ní ìlà-oòrùn Ethiopia, ní ìhà Jijiga. N kò ní dárúkọ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìwé ìròyìn dárúkọ rẹ̀ nígbà náà láìfi bò: ọmọdé ni nígbà tí ó ṣe é, ó ti di àgbà báyìí, ó sì tọ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé tọ̀ ọ́ lẹ́yìn kiri. Àwọn FBI, ọlọ́pàá ìwádìí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, sọ pé ó bá àwọn ará ilé rẹ̀ ní gbólóhùn asọ̀, ni ó bá bínú jáde. Ibi tí ó sì ní òun ń lọ kò ṣòro láti lóye: ìyá òun ni òun fẹ́ lọ rí.

Kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe jẹ́ pé kò kú, nítorí pé ohun tí ẹnu kọ́kọ́ ya gbogbo ayé sí nìyẹn. Ìrìn-àjò láti San Jose, ìlú tí ó wà nítòsí Santa Clara tí bàálù náà ti gbéra, dé Maui gba wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀, bàálù náà sì gòkè dé 38,000 ẹsẹ̀ bàtà. Níbi gíga bẹ́ẹ̀, agbára afẹ́fẹ́ kò ju nǹkan bí ìdámárùn-ún èyí tí a ń mí sínú ní etí òkun lọ, òtútù ibẹ̀ sì lè tó 50 tàbí 60 lábẹ́ òdo ní ìwọ̀n Celsius. Ẹni tí a bá ṣàdédé gbé síbẹ̀, kí ìṣẹ́jú kan tó pé ni yóò ti dákú. Ṣùgbọ́n bàálù kì í gòkè lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń fà kúrò, ooru táyà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré lórí ilẹ̀ àti ti àwọn ọ̀pá tí epo ẹ̀rọ ń gbà kọjá sì máa ń bá ara jà fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ooru yẹn bá tán, tí ara bá tutù wọ inú egungun, ọpọlọ pẹ̀lú yóò dẹ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó ń béèrè yóò dín kù, ẹni náà yóò wà láàárín òkú àti alààyè títí bàálù yóò fi sọ̀ kalẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ tó nípọn. Òtútù tí ì bá pa á náà ni ó bá a ṣọ́ ẹ̀mí rẹ̀. Ohun tí àwọn FBI sọ ni pé apá tó pọ̀ jù nínú ìrìn-àjò náà ni ọmọ náà kò fi mọ ohunkóhun.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí ṣe àpẹẹrẹ. Àjọ FAA, tí ó ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú ní Amẹ́ríkà, kà á pé láti 1947 títí di àkókò náà, ènìyàn 105 ni a mọ̀ pé wọ́n ti fara pamọ́ sínú ihò táyà káàkiri ayé. 80 nínú wọn ni ó kú. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ dé ibi tí òtútù wà, nítorí pé táyà tí ó ń ká wọlé ni ó fún wọn pa. Àwọn mìíràn dákú, nígbà tí ihò náà sì ṣí kí bàálù tó balẹ̀, wọ́n já bọ́ láti ojú ọ̀run.

Ohun tí ó mú tirẹ̀ yàtọ̀ lójú mi ni ibi tí ó kọjú sí. Nígbà tí a bá gbọ́ pé ọmọ kan wọ ihò táyà, a máa ń mọ ìyókù ìtàn náà kí a tó gbọ́ ọ. Ní 1999, Yaguine Koïta àti Fodé Tounkara, ọmọdékùnrin méjì láti Conakry ní orílẹ̀-èdè Guinea, kú sínú ihò táyà bàálù Sabena tí ó ń lọ sí Brussels, a sì bá lẹ́tà kan lára wọn, èyí tí wọ́n kọ sí àwọn aláṣẹ Yúróòpù láti bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ àti ilé-ìwé fún àwọn ọmọ Áfíríkà. Ní 2013, ọmọ kan wọ irú ihò bẹ́ẹ̀ ní ìlú Benin ní Nàìjíríà, ó rò pé Amẹ́ríkà ni bàálù náà ń lọ, Èkó ni ó bá ara rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń sá lọ síbi tí wọ́n gbà pé ayé ti dára. Ọmọ Sòmálíà yìí wà níbẹ̀ ná; ó wà ní Santa Clara, ní àyíká tí àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó lówó jù láyé fi ṣe ibùgbé, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ nínú ihò táyà láti wá àgọ́ kan tí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ń gbàdúrà kí wọ́n rí ọ̀nà jáde.

Ó ṣeni láàánú pé bàálù náà gbé e jìnnà sí i. Bí a bá fi abẹ́rẹ́ gún ayé láti Hawaii, tí a gún un já sí òdìkejì, ilẹ̀ Áfíríkà ni yóò ti yọ, ní Botswana. Mo wọn ọ̀nà náà lórí máàpù nígbà kan tí oorun kò wá: láti San Jose sí àgọ́ Shedder jẹ́ nǹkan bí 14,500 kìlómítà, láti Maui síbẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 16,000. Wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ nínú òtútù, ìyá sì túbọ̀ jìnnà ní ohun tí ó lé ní 1,000 kìlómítà.

Odi pápákọ̀ ni àwọn aláṣẹ kọjú sí lẹ́yìn náà. Ó fo odi wáyà pápákọ̀ San Jose ní òru, ó sì wà nínú ọgbà náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí bàálù tó gbéra ní òwúrọ̀. Kámẹ́rà ká a mọ́bẹ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò lẹ́nu láti fi pariwo, ẹni tí ó yẹ kí ó máa wo àwòrán náà kò sì rí i títí wọ́n fi gbọ́ ìròyìn láti Maui. Inú bí àwọn aṣòfin, nítorí pé bí ọmọdé tí kò ní ohun ìjà bá lè dé abẹ́ bàálù, ẹlòmíràn tí ó ní ète búburú lè débẹ̀ pẹ̀lú. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ilé-iṣẹ́ ìròyìn Associated Press yẹ ìwé pápákọ̀ 31 wò, ó sì rí i pé ó kéré tán ìgbà 268 ni àwọn ènìyàn ti gba odi wọlé láìgbàṣẹ láti ọdún 2004. Àwọn kan jẹ́ ọ̀mùtí, àwọn kan ń wá ọ̀nà àbùjá, àwọn mìíràn kò mọ ibi tí wọ́n wà.

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lè fi ẹni tí ó bá wọ ibi tí a dè ní pápákọ̀ sẹ́wọ̀n ọdún kan, ẹni tí ó bá sì fara pamọ́ sínú bàálù lè rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò pe ọmọ náà lẹ́jọ́. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní Hawaii, àwọn tí ó ń dáàbò bo àwọn ọmọdé níbẹ̀ gbà á sọ́dọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n dá a padà sí California sí abẹ́ irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé gbogbo ìbéèrè tí mo kà lẹ́nu àwọn aláṣẹ dá lórí bí odi náà ṣe ga tó. N kò rí ẹnìkan nínú wọn tí ó béèrè pé, ká ní ọmọ yìí kò fo odi, ká ní ó wọ aṣọ tó mọ́, tí ó sì lọ bá ẹni tí ó yẹ nínú ọ́fíìsì tí ó yẹ, kí ni ì bá rí gbà?

Ìyá rẹ̀ bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ ní àgọ́ náà. Ó ní bàbá wọn kó àwọn ọmọ lọ láìjẹ́ kí òun mọ̀, ọ̀pọ̀ ọdún sì ti kọjá láti ìgbà náà, ọmọ òun sì ń ṣàárò òun. Bàbá pẹ̀lú bá ilé-iṣẹ́ ìròyìn Ohùn Amẹ́ríkà (VOA) sọ̀rọ̀, ó ní ìgbà gbogbo ni ọmọ náà máa ń sọ pé òun yóò padà sí Áfíríkà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, n kò sì jókòó láti dá ẹjọ́ tọkọtaya tí ogun tú ilé wọn ká. Lọ́dọ̀ àwọn ará Sòmálíà, bí ó ti rí lọ́dọ̀ wa, ìdílé bàbá ni ọmọ ń jẹ́. Lábẹ́ òfin Ìsìláàmù, ìyá ni ó ni ìtọ́jú ọmọ nígbà tí ó kéré, bàbá sì ni ó ni àṣẹ lórí rẹ̀. Nígbà tí òbí méjèèjì wà ní àdúgbò kan náà, àwọn àgbà lè jókòó kí wọ́n pín in síbi tí yóò gún. Nígbà tí òkun bá wà láàárín, tí ìyá sì jẹ́ ogúnléndé, ta ni yóò pe ìjókòó?

Ìwé kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè jùmọ̀ fọwọ́ sí ní ìlú Hague ní 1980, èyí tí ó wà fún irú ọ̀ràn báyìí gan-an: bí òbí kan bá gbé ọmọ kọjá ààlà láìgba àṣẹ òbí kejì, kí ilé ẹjọ́ ibi tí ó gbé e lọ yára dá a padà. Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀. Ethiopia kò sí nínú rẹ̀, Sòmálíà kò sí nínú rẹ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún nìkan ni ìwé náà mọ̀, àkókò ọmọ yìí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìwé mìíràn tún wà, ti ẹ̀tọ́ àwọn ọmọdé, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 1989, tí ó sọ pé ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ wà ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti máa rí àwọn méjèèjì déédéé. Ní ọdún 2014 tí ọmọ yìí wọ ihò táyà, àwọn orílẹ̀-èdè tí wọn kò tíì fi ìwé náà ṣe òfin kò ju mẹ́ta lọ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àjọ náà: South Sudan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, Sòmálíà, àti Amẹ́ríkà. Ẹ tún un kà. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti sá wá àti èyí tí wọ́n sá lọ, àwọn méjèèjì wà ní ìta. Sòmálíà wọlé ní 2015. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1995, ibẹ̀ ni ó sì dúró sí.

Ó kù sọ́wọ́ ilé ẹjọ́ California. Òfin ibẹ̀ ni pé ibi tí ọmọ bá ti gbé fún oṣù mẹ́fà ni ilé ẹjọ́ rẹ̀ ní àṣẹ lórí ìtọ́jú ọmọ náà, àfi bí ilé ẹjọ́ ibòmíràn bá ti kọ́kọ́ dá sí i. Ní ti ìwé, ìyá lè pẹjọ́. Àgọ́ Shedder ni ó sì wà, ibi tí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ogúnléndé ń gbé, ní orílẹ̀-èdè tí ó pa á láṣẹ nígbà náà pé inú àgọ́ ni ọ̀pọ̀ ogúnléndé gbọ́dọ̀ wà. Òfin tí ó tú okùn yẹn díẹ̀ kò jáde títí di 2019. Kò ní lọ́yà, èdè ilé ẹjọ́ kì í ṣe èdè rẹ̀, kò sì ní físà láti wá jókòó níwájú adájọ́.

Ṣé ọmọ lè mú ìyá wá? Òfin Amẹ́ríkà ní ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìlú, kí ó sì pé ọdún mọ́kànlélógún, kí ó tó lè bẹ̀bẹ̀ fún òbí rẹ̀. Ètò kan wà nígbà náà fún àwọn ogúnléndé tí ó gba ọmọ ọdún méjìdínlógún láyè, ṣùgbọ́n wọ́n ti ètò náà pa ní 2008 lẹ́yìn tí wọ́n fi àyẹ̀wò DNA wádìí àwọn kan tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Sòmálíà àti Ethiopia, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ kì í ṣe ẹbí bí wọ́n ti sọ. 2012 ni wọ́n tún un ṣí. Bàbá tí ó jẹ́ ogúnléndé lè mú ìyàwó rẹ̀ wá, ìyàwó tí ó ti kọ̀ sílẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Bí ọmọ náà bá sì ní òun kò ní mú ẹnikẹ́ni wá, òun ni òun fẹ́ lọ, ọmọ tí kò tíì pé mẹ́rìndínlógún kò lè gba ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà láìjẹ́ pé òbí méjèèjì fọwọ́ sí i, tàbí kí ọ̀kan fi hàn pé òun nìkan ni ó ni àṣẹ. Ẹni tí ó fẹ́ lọ rí yẹn náà ni ó yẹ kí ó fọwọ́ sí i kí ó tó lè lọ rí i.

Mo ní kí n padà sórí òòyà.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí mo sá kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Kò lù mí, kò febi pa mí. Àwọn àgbà ni ó pinnu pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni n ó gbé lẹ́yìn tí ilé àwọn òbí mi tú, kò sì sí ẹni tí ó bi mí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà mo wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi ìpara pa ẹsẹ̀ mi títí ó fi ń dán, mo sì mú ìyókù ìpara náà sínú ìwé, mo kì í bọ àpò, kí n lè tún un pa bí mo bá dé, kí eruku ọ̀nà má bàa jẹ́ kí ìyá mi rò pé ìyà ń jẹ mí. N kò mú owó tó. N kò mú oúnjẹ. Ní gáréèjì, awakọ̀ kan wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta lo fẹ́ lọ bá?" Mo ní, "Màmá mi ni, sà." Ó ní, "Ta ló ní kí o máa lọ?" N kò lè dáhùn. Ó fi mí jókòó síwájú ọkọ̀ rẹ̀, mo rò pé a ti fẹ́ gbéra, àṣé ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó ń gbé mi padà sí.

N kò bá ọmọ Sòmálíà náà sọ̀rọ̀ rí, nítorí náà n kò lè fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà pé ọmọ kan fo odi lóru, tí ó wọ inú irin, tí ó sì jẹ́ pé òòyà ni ohun tí a bá lọ́wọ́ rẹ̀, mo rò pé mo mọ irú ẹni tí ó ń lọ bá. Ẹni tí ó ń sá fún ènìyàn kì í rántí irun orí.

Ọdún 2019 tàbí 2020 ni ọmọ tí ó jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní oṣù Kẹrin 2014 yóò pé mọ́kànlélógún, ìyẹn ọdún tí òfin ní ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé nítorí ìyá rẹ̀. Ní 2017, ìjọba Donald Trump ti pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ Sòmálíà má ṣe wọlé mọ́, àtúnṣe àṣẹ náà tí ó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn sì dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ wá gbé níbẹ̀ láti Sòmálíà, ìyá ẹni kò yọ sílẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún 2021 ni wọ́n tó fa àṣẹ náà ya. Ìpínlẹ̀ kan wà tí ó gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́ lórí rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní 2018, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ẹjọ́ náà títí dòní: Trump v. Hawaii. Adájọ́ márùn-ún wà lẹ́yìn ìjọba, mẹ́rin sì wà lẹ́yìn Hawaii.